Bàbá Àgbà Mi àti Ọgọ́rùn-ún Ìbéèrè Ìjọba Amẹ́ríkà

Níbi ìsìn ìrántí tí ìjọ wa ṣe fún bàbá àgbà mi, ẹni mẹ́ta ló dìde sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹnì kejì ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹnì kẹta, Díákónì wa, ní onísùúrù ni, ó sì máa ń gba ìmọ̀ràn. Mo wo fọ́tò tí wọ́n gbé sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè rí i dájú pé òkú tiwa náà ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá a gbé nínú ilé oníyàrá méjì ní Laurel, nítòsí olú-ìlú Amẹ́ríkà, kò sì gba ìmọ̀ràn mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí èmi náà wá sọ̀rọ̀. N kò dìde, nítorí n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Mo kọ èyí dípò rẹ̀.

Ògbufọ̀ ni bàbá àgbà mi nílé ẹjọ́ májísíréètì ní Ọ̀yọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó máa ń dúró láàárín adájọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá àti olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kìíní fún ẹnì kejì bó ṣe rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí ìyàwó rẹ̀ sì kú, ìyá mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí, ṣe ìwé fún un kó wá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló kọ́kọ́ gbé, ní Fairwood, níbi tí koríko iwájú ilé gbogbo ti ga bákan náà, tí ènìyàn sì lè gba lẹ́tà ìkìlọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò bí tirẹ̀ bá fi ìka kan ga ju ti aládùúgbò lọ. Lẹ́yìn ọdún méje, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tó kọ́ nípa apá mẹ́ta tí wọ́n pín ìjọba Amẹ́ríkà sí ló tó ṣàlàyé fún mi.

Ó ní: "Ní Fairwood, ìyá rẹ ló ń ṣòfin, ìyá rẹ ló ń mú òfin ṣẹ, ìyá rẹ náà sì ni adájọ́. Ìjọba wo nìyẹn?"

Ohun tó ń wá lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ilé kan ní Ọ̀yọ́ tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ló sì fẹ́ wà. Ṣùgbọ́n gíríìn káàdì ló ní, ẹni tó bá sì gbé gíríìn káàdì jáde kúrò ní Amẹ́ríkà ju ọdún kan lọ lè pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, bó bá lọ, oṣù mẹ́rin péré ni yóò lò kó tó padà, ojú rẹ̀ á le bíi ti ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí oúnjẹ. Ìwé ìyọ̀ǹda kan wà tí ènìyàn lè gbà kó tó lọ pẹ́ lókè òkun. Mo gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá fún un. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí òun tó sùn nínú yàrá òun. Ìyá mi ní kó kúkú dá káàdì náà padà fún wọn kó máa lọ. Ó tún kọ̀. Ojú rẹ̀, níbí ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ibí ló wà. Kí ló dé tí òun yóò fi yan ọ̀kan? Ọ̀nà kan ló kù, kó di ọmọ ilẹ̀ yìí pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ka oṣù mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́.

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí fún mi, "mo fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà kí n lè ráyè jókòó sí Ọ̀yọ́."

Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ni ìjọba tẹ̀ jáde nígbà náà fún ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ wọn. Mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ wọn yóò bi ọ́ nínú rẹ̀. Bí o bá gba mẹ́fà, o ti yege. Nǹkan tó kọ́kọ́ bí bàbá àgbà mi nínú nìyí. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun fi dúró nínú kóòtù, òun kò rí ẹni tó jàre pẹ̀lú mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ó lẹ àwọn ìbéèrè náà mọ́ ara fíríìjì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ mu omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe, èmi yóò bi í ní mẹ́wàá. Ó mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sì fara mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

"Kí ni kì í jẹ́ kí apá kan ìjọba lágbára ju àwọn yòókù lọ?"

"Ìlara."

"Bàbá, kò sí nínú ìdáhùn. Wọ́n ní kí apá kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì ni."

"Ó wà níbẹ̀. Wọ́n kàn fún un lórúkọ tó dára ni."

Nígbà tó ka ibi tí wọ́n sọ pé adájọ́ mẹ́sàn-án ló wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó ní kí n wádìí iye ọdún tí wọ́n ń lò lórí àga. Mo wádìí rẹ̀. Mo sọ fún un pé títí wọn yóò fi kú ni, àyàfi bó bá wu ẹnì kan láti fẹ̀yìn tì, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nítorí ìwà burúkú. Ó fi tíì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní: "Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọba. Wọ́n lé ọba lọ tán, wọ́n wá yan mẹ́sàn-án."

Díákónì tí mo mẹ́nu bà ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ìjọ wa ní àwọn ìbéèrè yìí ní ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn wa ní Seat Pleasant. Ènìyàn dáadáa ni, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dáhùn pa pọ̀ bí orin. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni bàbá àgbà mi lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Díákónì ń ṣàlàyé òmìnira ẹ̀sìn. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ní àǹfààní láti sin Jésù níbi tó bá wù ú. Bàbá àgbà mi gbé ọwọ́ sókè.

"Díákónì, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé ènìyàn lè ṣe ẹ̀sìn tó bá wù ú, ó sì lè má ṣe ọ̀kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ìyẹn nínú ilé Ọlọ́run."

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta sọ ọ́, nígbà náà. Ìbéèrè ìjọba ni."

Ní ìgbà kẹta, wọ́n ń ka iye ọdún tí àwọn olóyè ìjọba ń lò. Gbogbo kíláàsì ń dáhùn pọ̀ tayọ̀tayọ̀: Ààrẹ, ọdún mẹ́rin, sẹ́nétọ̀, ọdún mẹ́fà, ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin, ọdún méjì. Bàbá àgbà mi dúró títí wọ́n fi dákẹ́. Ó wá béèrè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan, pé alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa ńkọ́, ọdún mélòó ni tiwọn. Díákónì náà ni alága. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ nìyẹn. Mo wà níbẹ̀, torí èmi ni mo fi mọ́tò gbé e wá.

"Bàbá," Díákónì dáhùn, "tiwa yàtọ̀. Ọlọ́run ló ń yàn wá."

"Mo gbọ́. Ṣé Ó ti sọ fún yín ìgbà tí Ó tún fẹ́ dìbò?"

A kò padà sí kíláàsì náà mọ́. Nígbà tí a ń lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n dúró ní òpópónà tó pààlà láàárín Seat Pleasant àti olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ó ti kà á pé àwọn tó ń gbé ní òdìkejì títì kò ní sẹ́nétọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ olú-ìlú gan-an ni wọ́n ń gbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú òtútù, ó dúró ti ara ọ̀pá iná, ó ń wo àwọn ilé tó wà lọ́hùn-ún. Wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Bàbá kan ń da ìdọ̀tí nù níbẹ̀, bàbá àgbà mi juwọ́ sí i, òun náà sì juwọ́ padà.

Bàbá àgbà mi padà wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní: "Ibi tí mo dúró sí yìí, sẹ́nétọ̀ méjì ló ń ṣojú mi, tí wọn kò mọ̀ mí. Tọkùnrin yẹn burú jù. Kò tilẹ̀ ní ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n."

Ìyá mi fẹ́ kó yege, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Ó rò pé bó bá di ọmọ ilẹ̀ yìí tán, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò padà sí Fairwood, yóò máa mu oògùn rẹ̀ lásìkò. Dókítà ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Ìyá mi wá sílé mi láti ibi iṣẹ́, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ bá gba ìwé náà tán, ṣé ẹ óò jókòó jẹ́ẹ́?"

"Fọláṣadé, bí mo bá gbà á tán, kò ní sí ẹni tó lè ní kí n jókòó."

Òfin wọn ni pé arúgbó tó bá ti pẹ́ níbí tó bẹ́ẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè ní èdè tirẹ̀, kí ẹnì kan máa túmọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bàbá àgbà mi kò ní lo àǹfààní yìí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ. Òun ló ní Yorùbá ni òun yóò sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni òun fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ti òun, kí wọ́n wá ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Díákónì, tí kò di kùnrùngbùn, ní òun yóò tẹ̀ lé e lọ túmọ̀. Bàbá àgbà mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Díákónì lọ, ó ní òun kò fẹ́ ẹni tí yóò fi àdúrà kún ọ̀rọ̀ òun. Ó yàn mí. Mo ní n kò ka ìwé púpọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo parí.

Ó ní: "Ìyẹn ló dára. O kò mọ ọ̀rọ̀ tó láti fi tún tèmi ṣe."

Ní ọ́fíìsì ìjọba ní Baltimore, ọmọbìnrin kan tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn ló gbà wá wọlé. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹbí ni mí, mo sọ òótọ́, ó ronú díẹ̀, ó ní kò burú. Ó ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n búra pé ohun tí Bàbá bá sọ gan-an ni èmi yóò sọ. Mo búra. Bàbá àgbà mi ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ga tó.

Ọmọbìnrin náà bi í ní ìbéèrè mẹ́fà nípa ìjọba. Ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọmọbìnrin náà ní ó tó, ó ti yege.

"Mẹ́rin tó kù ńkọ́?" bàbá àgbà mi béèrè. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò pọn dandan. Mo rí i pé ó dun bàbá àgbà mi.

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù. Ṣé ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rí? Rárá. Ṣé wọ́n ti mú yín rí? Rárá. Ṣé ẹ ti ṣẹ̀ sí òfin rí, níbikíbi, tí wọn kò sì mú yín? Gbogbo arúgbó ìjọ wa ni Díákónì ti kọ́ pé "Rárá" ni kí wọ́n sọ níbẹ̀, kí wọ́n má sì mí kí wọ́n tó sọ ọ́. Bàbá àgbà mi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Wọ́n gbé ẹlẹ́mu kan wá sí kóòtù wa nígbà tí ìyá Àbẹ̀kẹ́ ṣì ń rá kòrò. Wọ́n ní ó lu agbowó-orí. Ìlú òkèèrè ni adájọ́ wa ti wá, ó sì pá lórí. Ó ní kí n bi ọkùnrin náà bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọkùnrin náà ní, 'Sọ fún òbúkọ apárí yẹn pé bí mo bá tún rí agbowó-orí náà lónìí, màá tún lù ú.' Mo kọjú sí adájọ́, mo ní, 'Olúwa mi, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.' Wọ́n kìlọ̀ fún un, wọ́n ní kó máa lọ. Mo ti fi Bíbélì búra, mo sì parọ́ nínú kóòtù. Wọn kò mú mi."

N kò gbọ́ ìtàn yìí rí láyé mi. Mo wo pẹ́ẹ̀nì ọmọbìnrin náà lórí ìwé. Mo ronú ilé Ọ̀yọ́, mo ronú ọkàn tí dókítà ní kò lágbára. Mo la ẹnu, mo ní: "Rárá."

Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè. Bàbá àgbà mi ti sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú kan gbáko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kó tó béèrè, bàbá àgbà mi ti tún ẹ̀wù rẹ̀ tò lọ́rùn, ó sì fọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní, irú èyí tí wọ́n ń sọ níwájú adájọ́ ayé àtijọ́:

"Mo bẹ̀ yín, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

"Sà, ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"Mo gbọ́ ọ tó láti mọ̀ pé wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ mi gbé." Ó yíjú sí mi, ó padà sí Yorùbá. "Àbẹ̀kẹ́, o ti búra. Tún un sọ."

Mo tún un sọ, láti orí ẹlẹ́mu títí dé orí òbúkọ. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá pẹ́ẹ̀nì dúró, ó ní kí a jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà wọlé, ó jókòó. Orí rẹ̀ ń dán láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní kí n tún un sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bojú wo bàbá àgbà mi bóyá yóò ṣàánú mi. Kò mì. Mo sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, mo ń wo tábìlì.

Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlẹ́mu náà.

"Ó wá sílé mi lọ́sẹ̀ kejì," bàbá àgbà mi wí. "Mo rò pé ó wá dúpẹ́. Kò gbé ẹmu wá. Ó ní, 'Ta ló ní kí o bá mi bẹ̀bẹ̀?' Wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní abúlé wọn pé ó wólẹ̀ fún adájọ́. Ó ní ẹ̀wọ̀n sàn fún òun. N kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà mọ́ láti ọjọ́ náà."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà láìyọ nǹkan kan. Wọ́n fún wa ní ìwé kan tó ní wọn kò tíì lè pinnu, wọn yóò kọ̀wé sí wa.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Laurel, mo sọ̀rọ̀, ohùn mi sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní, "Bàbá, mo kàn fẹ́ kí ẹ lè lọ sílé ni."

"Mo mọ̀," ó wí. "Èmi náà fẹ́ kí ẹlẹ́mu yẹn lọ sílé." Ó wo ojú fèrèsé díẹ̀. "Ìwọ náà ti wá ní ẹ̀ṣẹ̀ kan báyìí tí wọn kò mú ọ fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọ́, wá ògbufọ̀ tó sàn ju tèmi lọ."

Ìyá mi gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì fi fóònù pariwo débi pé mo gbọ́ ọ láti ibi fíríìjì. "Ọgọ́ta ọdún, Bàbá! Ta ló bi yín?"

"Ìjọba Amẹ́ríkà ló bi mí."

Díákónì wá fún ìtùnú. Ó ní àwọn mẹ́ta nínú kíláàsì òun ti gba ìwé tiwọn, "Rárá" ni wọ́n sì sọ. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn láti Ìbàdàn. N kò ní kọ ohun tí mo mọ̀ síbí.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni a fi dúró. Kò sọ pé òun kábàámọ̀. Láràárọ̀ ó ṣì ń ní kí n bi òun ní ìbéèrè mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yege. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ́, ní ọjọ́ kan sì ni mo bá a tó ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, ó dúró lórí ìkẹrin, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí ìwé níbẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò ní tún rí àyè béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́tà dé. Wọ́n ní kó wá búra. Ó ka ìbúra náà nílé tẹ́lẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n ní kí ènìyàn kọ gbogbo ọba àti ìjòyè ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀. Mo bi í bóyá yóò lè sọ ọ́, òun tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́.

Ó ní: "Kò sí wàhálà. Ààfin kò tíì mọ̀ pé mo kúrò nílé."

Ọjọ́ kẹjọ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dé ló wọ bàálù. Ìyá mi dì í mú ní pápákọ̀ òfurufú, ó ní, "Oṣù mẹ́rin, Bàbá, ẹ gbọ́?" Bàbá gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ní oṣù kẹrin, ó ní òjò pọ̀. Ní oṣù keje, ó ní òun ń tún orí ilé ṣe. Ní oṣù kẹwàá, kò sọ ìdí kankan mọ́. Ọjọ́ Sunday ló máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn. Inú yàrá rẹ̀ ló kú sí, lójú oorun, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọjọ́ Túsìdeè ni. Mo wà níbi iṣẹ́, mò ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ tí kì í ṣe Sunday, mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń fi fóònù rẹ̀ pè mí láti sọ ohun tí à ń bẹ̀rù. Òun ni. Ohùn rẹ̀ le koko.

"Àbẹ̀kẹ́, ọdún kan pé lánàá tí mo ti kúrò ní Amẹ́ríkà."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Mo gbé àga síta láti àárọ̀, mò ń dúró de àwọn tó ń ka oṣù mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wá."